Ilẹ̀kùn Bàbá àti Àga Tuntun

Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ mi láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Múṣin. Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé, ó sì fi ilé sílẹ̀ fún wọn ní Èkìtì. Ilẹ̀kùn ilé náà jẹ́ onígi, wọ́n gbẹ́ ẹlẹ́ṣin àti obìnrin tó pọn ọmọ sí i lára. Ọkùnrin kan ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní òun yóò san owó tó tó ra àga tìmùtìmù mẹ́rin. Àwọn àbúrò ìyá yìí ti gbà. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tí ikán ti ń jẹ lẹ́sẹ̀, kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe? Ó wá bi mí bóyá kí òun náà fọwọ́ sí i.

Ìyá mi, ẹ dúró ná. Irú pàṣípààrọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, ní Èkìtì yín náà ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tó ń jẹ́ Ọlọ́wẹ̀, ará Ìsẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà, Ọba jókòó lórí ìtẹ́, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ sì ń bọ̀ wá kí i, àwọn ènìyàn gbé e rù bí ẹrù ọjà! Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn ará British Museum rí i, ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ rà á, Ògògà ní òun kò tà. Ṣùgbọ́n ó gbà pé bí wọ́n bá ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n mú ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣe àga, wọ́n fi ránṣẹ́. Ilẹ̀kùn náà wà lọ́dọ̀ wọn títí di òní.

N kò bá Kábíyèsí jà o. Nígbà tí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ náà, Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè, nǹkan bí 1938 ló kú. Bí ààfin bá fẹ́ òmíràn, wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí. Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn bàbá yín ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Òfin 77 ti ọdún 1979 ní ohunkóhun tí wọ́n gbẹ́ nílẹ̀ wa ṣáájú 1918, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn, òpó, ìlù tàbí ohun èlò ilé, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Àjọ tí ìjọba yàn fún un àti àwọn aṣojú tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ló lè rà á, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹ ní kí ọkùnrin yín mú ìwé rẹ̀ wá. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí wo òkè wo ilẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní Oníkàn ní 1957. Àwọn tó mọ ọdún igi wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ Sùúrùlérè fẹ́ràn ohun àtijọ́ báyìí: odó di àga, àpótí ìyá àgbà di tábìlì. Ó dára lójú mi ju àga tó ń dán tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lo ọdún kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ohun àtijọ́ ṣe ń fún ilé ní iyì, kó lọ wo Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ẹgbẹ́ Legacy 1995 ló tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ẹlòmíràn á gbẹ́ ère lónìí, á rì í mọ́ ẹrẹ̀, á fi èéfín pa á lára, á ní láti ayé bàbá ńlá òun ni. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ ń dì mú: bí ènìyàn bá ti lò ó pẹ́, ibẹ̀ á máa dán ju ibi yòókù lọ. Bí ibi gbogbo bá gbó bákan náà, ẹ dá owó yín padà sápò.

Èyí tó bá sì jẹ́ ti yín, ẹ má fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má kùn ún ní fáníṣì. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Bí osùn bá wà lára ère ìbejì, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé igi kúrò lára ògiri tó ń rin àti nínú oòrùn, kí ẹ sì fi òkúta tẹ́ abẹ́ rẹ̀ nítorí ikán. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ìlú tó ti wá sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ yín.

Tíṣà tó kọ̀wé láti Yábà nípa owó àjọ, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa dá yín lóhùn.