Bí Wọ́n Bá Ní Kí Ọmọ Rẹ Wá Ṣe Òkú Nínú Fíìmù

Ìyá kan nínú ìjọ mú ìbéèrè kan tọ̀ mí wá tí mo rò pé ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ní ojú ewé wa yìí. Wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 19, wá ṣe ọ̀kan lára àwọn òkú tí ń jí dìde nínú fíìmù adẹ́rùbani kan tí wọn yóò yà nínú igbó ní òru. Kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan. Yóò kàn máa wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ láti abẹ́ igi pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn onífíìmù tiwa ń pè ní wáká-páàsì. Ẹ̀rù ń ba ìyá yìí pé ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ ṣe òkú ń pe ikú, tàbí pé ẹ̀mí àjèjì lè tibẹ̀ bá a wọlé. Ọmọ ní tirẹ̀ ní eré lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé Amẹ́ríkà, sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Evans City ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, nǹkan bí 30 máìlì sí àríwá Pittsburgh. Agbègbè ibẹ̀ ni wọ́n ti ya fíìmù Night of the Living Dead ní ọdún 1967. Fíìmù yìí ni bàbá gbogbo fíìmù òkú-tí-ń-rìn tí àwọn ọmọ wa ń wò lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò dá orúkọ náà zombie nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọdọ́mọkùnrin ẹni ọdún 27 ni George Romero tí ó darí rẹ̀. Ìpolówó ọjà fún tẹlifíṣọ̀n ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń jẹun. (Ẹ̀yin yóò rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ fún yín pé Romero yìí kan náà ló ya fíìmù kékeré kan fún Fred Rogers, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ Presbyterian tí ó ní ètò àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù náà dá lórí bí Ọ̀gbẹ́ni Rogers ṣe lọ fún iṣẹ́ abẹ ọ̀fun, kí ẹ̀rù ọsibítù má ba à máa ba àwọn ọmọdé.) Ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n kó ara wọn jọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú 600 dọ́là wá bí ìgbà tí a bá ń dá èésú. 6,000 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, gbogbo owó tí ó wọlé sí i tó nǹkan bí 114,000 dọ́là, èyí tí kò já mọ́ nǹkan lójú àwọn onísinimá Hollywood.

Níbi tí owó bá ti kéré, ará àti ọ̀rẹ́ ni a ń pè. Àwọn tí ó ṣe òkú níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́, aládùúgbò, àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ ìpolówó náà, àti àwọn ará ìlú tí wọ́n kàn fẹ́ rí bí a ti ń ya fíìmù. Ilé oko àtijọ́ kan tí wọ́n ti fẹ́ wó tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò bínú bí wọ́n bá kan pákó mọ́ fèrèsé rẹ̀. Fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, omi ṣokoléètì ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀jẹ̀, nítorí lójú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀ràn owó kàn jẹ́ alápatà. Òun ló kó ìfun àti ẹran wá fún ibi tí àwọn òkú ti ń jẹ ènìyàn. Ẹ fojú inú wo ènìyàn tí ó jẹ́ akọ̀wé ní ọ̀sán, tí ó wá dúró nínú koríko tútù ní òru tí ó ń fa ìfun ẹran ya pẹ̀lú ṣokoléètì lára rẹ̀!

Ní ti ìrìn wọn, Romero a máa sọ pé òun kì í fi han àwọn òkú òun bí wọn yóò ṣe rìn, nítorí bí òun bá fi ẹyọ kan hàn wọ́n, gbogbo wọn ni yóò máa rìn bẹ́ẹ̀. Kí oníkálukú wá òkú tirẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá wo fíìmù náà dáadáa yóò rí i: ọ̀kan ń wọ́ ẹsẹ̀, òmíràn ń yí orí bí ẹni tí oorun kùn. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìdúró: wọn a tún iná tò, wọn a ní kí o padà sí ẹ̀yìn igi, o ó tún un rìn, ilẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Apá ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ sí itẹ́ òkú, oṣù kọkànlá ni wọ́n yà á, òtútù sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí Judith O'Dea àti Russell Streiner fi ní láti máa di èémí mú kí èéfín má ba à máa yọ ní ẹnu wọn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé orí ẹ̀rù ìyá yìí. N kò ní fi ẹ̀rù rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ilẹ̀ tí a ti bí wa, a mọ ìtàn àkúdàáyà, ẹni tí ó kú ní ìlú kan tí a tún rí i ní ìlú mìíràn tí ó ń ṣòwò, tí ó tilẹ̀ láya tí ó bímọ. (Òkú ti Romero kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì mọ ìyàwó tàbí ọmọ, ẹran ara nìkan ló ń wá. Bí ó bá ṣe pé èmi ni yóò yan ọ̀kan, ti àwa dára jù.) A sì mọ ohun tí a ń pè ní ará ọ̀run, tí ẹni tí ó gbé e kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a mọ òun. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Ẹni tí ó gbé eégún ń fẹ́ kí ìlú gbà pé baba ńlá wọn ló dé, wọ́n sì ń bọ ọ́. Ẹni tí ó ṣe òkú nínú fíìmù, orúkọ rẹ̀ lè wà ní ìparí rẹ̀, gbogbo ayé sì mọ̀ pé yóò wẹ ojú rẹ̀ lọ sílé. Kò sí ìbọ, kò sí ètùtù, kò sí ẹni tí a ń tàn jẹ.

Ẹ ṣí 2 Samuẹli orí 14, ẹ ó rí obìnrin ọlọ́gbọ́n ará Tekoa, ẹni tí Joabu ní kí ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kí ó sì ṣe bí ẹni tí ó ti ń ṣọ̀fọ̀ òkú láti ọjọ́ pípẹ́. Ìtàn tí ó sọ fún Dafidi kò ṣẹlẹ̀ sí i rí, síbẹ̀ kò kú nítorí pé ó ṣe bí olófòó. Dafidi fúnra rẹ̀ ṣe bí aṣiwèrè níwájú ọba Gati, itọ́ ń ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀, kò sì ya wèrè. Nítorí náà mo sọ fún ìyá náà pé ní ti pé kí ọmọ rẹ̀ di òkú nítorí pé ó ṣe òkú, kí ó fi ọkàn balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí ó pe ọfọ̀ tòótọ́, tàbí kí ó tẹrí ba fún òrìṣà kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kí ó padà sílé.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ju ẹ̀mí lọ ni ara. Nígbà tí Sam Raimi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ya The Evil Dead nínú igbó Tennessee ní ìgbà òtútù láti 1979 wọ 1980, gíláàsì líle ni wọ́n ń fi sí ojú àwọn òṣèré kí ẹyin ojú wọn lè funfun. Wọn kò lè fi í sójú ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, wọn kì í sì í ríran nígbà tí ó bá wà níbẹ̀. Nínú igbó, ní òru, láìríran! Iṣẹ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òṣèré fi padà sílé, tí àwọn ẹlòmíràn sì ní láti wọ aṣọ wọn kí wọ́n lè parí rẹ̀.

Owó kékeré nìkan kọ́ ló sì ń fa ewu. Fíìmù Twilight Zone: The Movie ní owó ńlá lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1982, nígbà tí agogo méjì òru ti kọjá, wọ́n ní kí òṣèré Vic Morrow gbé ọmọdé méjì la odò kan kọjá ní California, kí hẹlikópítà máa fò lókè wọn, kí ohun abúgbàù sì máa dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìbúgbàù náà kọlu hẹlikópítà, ó já lé wọn lórí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kú. Ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ọdún méje ni àwọn ọmọ náà. Àwọn òbí wọn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò. Wọ́n gba àwọn ọmọ náà síṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ, nítorí òfin kò ní gbà kí ọmọdé ṣiṣẹ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, owó ọwọ́ ni wọ́n sì san kí ó má ba à hàn nínú ìwé. Ní ọdún 1987, ilé ẹjọ́ dá olùdarí rẹ̀, John Landis, àti àwọn mẹ́rin mìíràn sílẹ̀. Èmi kò mọ bí a ti ń tu òbí nínú lórí irú èyí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ẹni tí ó fẹ́ lo ọmọ rẹ bá ń sọ pé kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí o mú ọmọ rẹ ní ọwọ́ kí o máa lọ.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í rò, èyí ni ojú wọn. Nígbà tí àwọn ará Pittsburgh parí iṣẹ́ wọn, Night of the Flesh Eaters ni wọ́n kọ sí iwájú fíìmù náà. Ilé iṣẹ́ tí ó gbé e jáde yí orúkọ padà, nígbà tí wọ́n sì yọ orúkọ àtijọ́ kúrò, wọ́n yọ àmì ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà ní iṣẹ́ tí kò bá ní àmì yìí ti di ti gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, kí ó tà á, kí ó má san kọ́bọ̀ fún Romero. Àwọn tí ó dá 600 dọ́là wò ó lójú báyìí tí àwọn ẹlòmíràn ń jẹ ẹ̀bá lórí iṣẹ́ wọn. Akọ̀wé ọjọ́sí tí ó dúró nínú koríko ń kọ́? Láti 1968 títí di òní ni ojú rẹ̀ ti ń rìn káàkiri ayé. Ní 1999, wọ́n tilẹ̀ kọ fíìmù náà mọ́ àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú pamọ́ fún ìran tí ń bọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ni ó rò pé òun yá wọn.

Àwọn wáká-páàsì mìíràn sì wà nínú fíìmù yìí tí wọ́n bà mí lẹ́rù ju àwọn òkú lọ. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n gbé ìbọn ni mo ń sọ, àwọn ará àdúgbò pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá àti ajá wọn, tí wọ́n jáde ní òwúrọ̀ láti pa àwọn òkú. Duane Jones, ọmọ aláwọ̀ dúdú, ni ó ṣe olórí eré. Òun ló gba àwọn yòókù là jálẹ̀ òru, òun nìkan ló sì kù láàyè. Wọ́n yìnbọn fún un láti ojú fèrèsé, wọ́n ṣe bí òkú ni. Romero àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé fíìmù náà lọ sí New York nínú ọkọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1968 nígbà tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King. N kò lè wo ìparí fíìmù náà kí n má rántí èyí.

Ní ti ẹni tí yóò wò ó, ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, Roger Ebert kọ̀wé nínú Chicago Sun-Times nípa ọ̀sán Sátidé kan tí ilé sinimá kún fún àwọn ọmọdé. Òbí ti já wọn sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn ọmọ náà rò pé ẹ̀rù ẹlẹ́rìn-ín ni. Nígbà tí ó yá, gbogbo ilé dákẹ́, ọmọbìnrin kékeré kan jókòó, ó ń sunkún. Ètò tí ó ń sọ fíìmù tí ó yẹ ọmọdé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí fíìmù náà jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1968. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀. Ètò wà báyìí, ṣùgbọ́n fíìmù ti wọ inú fóònù, kò sì sí ẹni tí ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà fóònù láti já tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ ọdún 19 ti dàgbà tó láti dá ìpinnu ṣe. Mo ní kí ó béèrè ta ni ń tọ́jú iná àti ìbọn níbẹ̀, ọkọ̀ wo ni yóò gbé wọn padà, àti pé kí wọ́n jẹ́ kí ó ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Bí wọn kò bá ní ìtàn tí a kọ sílẹ̀, kí ó jókòó sílé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín kéré, ẹ wo Karl Hardman. Òun wà lára àwọn tí ó dá owó Night of the Living Dead, òun àti Marilyn Eastman ni wọ́n ń kun òkú lójú, òun náà ló sì ṣe bàbá tí ó sá sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ọmọ inú rẹ̀ gan-an, Kyra Schon, ló ṣe ọmọbìnrin tí àwọn òkú gé jẹ, tí ó dìde tí ó sì pa ìyá rẹ̀. Apá ibẹ̀ kò ṣeé wò fún ọmọdé rárá. Ṣùgbọ́n Kyra tí ó ṣe é rí ṣokoléètì nínú ìgò rẹ̀, ó mọ ẹni tí ó kun òun lójú, bàbá rẹ̀ sì wà nínú ilé kan náà. Ó dàgbà, ó di olùkọ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sì fi ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tí ó bá bi í.