Ìdí tí Afẹ́fẹ́ Gbígbóná Fi Ń Gòkè

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí ó ṣọ̀wọ́n kí a béèrè ìdí rẹ̀. Bí a bá dá iná, èéfín rẹ̀ a gba òkè lọ. Bí a bá na ọwọ́ sí òkè àtùpà, ooru rẹ̀ a jó wa. Bí a bá sì gbé ọwọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jìnnà tó bákan náà, kò ní jó wa tó bẹ́ẹ̀. Kí ni ó ń gbé ooru lọ sókè?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n. Ìwé Jóòbù, ní orí 28, mẹ́nu kan ìwọ̀n tí Ọlọ́run fi fún afẹ́fẹ́, àwọn ọlọ́gbọ́n ayé sì ti fi òṣùwọ̀n wọn rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo yàrá kan tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 4, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2.6. Bí kò bá sí ẹrù nínú rẹ̀, a ó wí pé òfìfo ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó nǹkan bí kílógíráàmù 50, èyí tí í ṣe ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì kan.

Ohun kejì ni pé ooru a máa mú kí afẹ́fẹ́ fẹ̀. Nígbà tí ó bá fẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni yóò kún ààyè tí púpọ̀ kún tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí a bá wọn afẹ́fẹ́ gbígbóná àti tútù ní òṣùwọ̀n kan náà, èyí tí ó gbóná ni yóò fúyẹ́ jù.

Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ bí a bá da epo pupa àti omi pọ̀ sínú ìgò. Bí a tilẹ̀ mì í, epo yóò padà sí òkè. Epo kò ní ìyẹ́ tí ó fi ń fò. Omi tí ó wúwo jù ú lọ ni ó wọ abẹ́ rẹ̀, tí ó sì tì í sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ rí. Èyí tí ó tutù ń sọ̀kalẹ̀ nítorí ìwọ̀n rẹ̀, ó sì ń ti èyí tí ó gbóná lọ sókè.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Joseph àti Étienne Montgolfier, tí ìdílé wọn ń ṣe bébà, fi èyí han gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, ọdún 1783, ní ìlú Annonay, wọ́n fi ooru iná kún àpò ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ àti bébà ṣe, ó sì gòkè lọ lójú gbogbo ènìyàn. Ní oṣù Kẹsàn-án, àgùntàn kan, pẹ́pẹ́yẹ kan àti àkùkọ kan fi irú àpò bẹ́ẹ̀ gòkè ní Versailles, wọ́n sì padà láàyè. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, ọkùnrin méjì gòkè ní Paris. Àwọn Montgolfier rò pé èéfín ni ó ní agbára náà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbóná ni.

Kí ni èyí kàn wá nínú ilé? Ó kàn wá púpọ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ tútù kò bá ti rí ọ̀nà wọlé, afẹ́fẹ́ gbígbóná kò lè jáde dáadáa. Nítorí náà, kí ilé ìdáná ní ihò ní òkè lẹ́bàá òrùlé, kí ó sì ní ọ̀nà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Bí ilé bá sì ń jóná, èéfín gbígbóná a kọ́kọ́ kó jọ sí abẹ́ àjà. Kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ rá kòrò jáde, nítorí ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ó ṣeé mí ṣì kù sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣi ẹ̀kọ́ yìí lò. Ní àkókò ọyẹ́, àwọn mìíràn a máa gbé àdògán eléèédú wọ yàrá, wọn a sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa. Wọn a ní, “Kò léèéfín mọ́, ẹ̀yinná lásán ni.” Tàbí wọn a ní, “Ohun búburú tí ó bá wà níbẹ̀ yóò lọ sókè, orí ẹní sì ni àwa wà.” Irọ́ ni méjèèjì. Ẹ̀yinná a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, kábọ́ọ̀nù mónósáídì ni orúkọ rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí dọ́gba, nítorí náà ó ń dàpọ̀ mọ́ ọn kárí yàrá, àti lórí bẹ́ẹ̀dì àti lórí ẹní. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wọ̀, tí ó sì ń gba ipò èémí ìyè. Orí a fọ́ni, òòyì a kọ́ni, èébì a gbéni. Ẹni tí ó bá sì ti sùn lè má jí mọ́. Irú afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ilé, ẹ jẹ́ kí àdògán wà ní ìta, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Kí ẹnikẹ́ni má wí pé òun ṣí fèrèsé díẹ̀. Ìyẹn kò tó. Bí a bá bá ènìyàn nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, kí a tètè gbé e jáde sí gbangba, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí òtútù bá mú, kí ó fi aṣọ kún aṣọ. Ọyẹ́ kì í ju oṣù mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá sùn tí kò jí, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tí yóò mú un padà wá.

Kí Olúwa pa ilé wa mọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.