Yìnyín Kì í Dúró De Abọ́



Ní ọjọ́ 21 oṣù Jánúárì ọdún 2025, òjò-dídì rọ̀ sí ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Ìlú olóoru ni. Ọdún púpọ̀ lè kọjá kí funfun tó bo ilẹ̀ ibẹ̀. A ti ilé-ìwé, a sì ti pápákọ̀ òfúrufú. Ní New Orleans, ìlú mìíràn ní agbègbè etíkun náà, ó ga tó ínṣì 8. Àbúrò mi kan tí ó ń gbé Houston ránṣẹ́ sí wa ní Bódìjà pé òun àti àwọn ọmọ òun fi òjò-dídì mọ ère ènìyàn sí iwájú ilé, wọ́n sì fi fìlà gọ̀bì òun dé e lórí. Gbogbo ilé wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀rín náà, nítorí mo rántí ọjọ́ tí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ wá bá èmi pẹ̀lú, tí n kò sì gbà á.

Òjò-dídì kì í rọ̀ ní Ìbàdàn. Inú Bíbélì ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ ka orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó sún mọ́ ọn jùlọ lọ́dọ̀ wa ni yìnyín, èyí tí ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó ti ìwé ìṣirò owó tí mo gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Ojú ọ̀run ṣú, ẹ̀fúùfù gbé eruku, ohun kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù orí ilé bí ẹni ń da òkúta. “Yìnyín! Yìnyín!” ni igbe gba àdúgbò.

Nígbà tí ó dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ tú jáde pẹ̀lú abọ́, ife àti ìdérí ìkòkò. Ìyá wọn pàápàá ká ìró sókè, ó ń bá wọn ṣa á. Èmi ń ro ti páànù tí ó lè ti lu, àti ti gíláàsì ọkọ̀. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, sáré wọlé, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó, mo mú tiyín wá.” Mo dáhùn láì gbé ojú sókè pé, “Dúró, jẹ́ kí n parí ìlà yìí.” Ọmọ tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé ni, ó dúró. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, omi ń kán láàárín ìka rẹ̀ sí ilẹ̀. Kò sunkún. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó ní, “Ó ti tán.” Ó sáré padà síta, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní ìta pẹ̀lú ti yọ́.

Mo parí ìṣirò náà; n kò rántí iye tí ó jásí mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kékeré méjì náà kò kúrò lójú mi.

Lẹ́yìn náà ni mo wádìí bí yìnyín ti ń wá, kí n lè rí ohun sọ fún ọmọ náà. Ní oṣù Mááṣì àti Épírì, ilẹ̀ wa a máa gbóná gidigidi, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ru omi a sì máa fi agbára gòkè. Ní òkè lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù pọ̀, ẹ̀kán omi a dì. Afẹ́fẹ́ a tún gbé e, omi mìíràn a lẹ̀ mọ́ ọn, a sì dì, títí yóò fi wúwo ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ. Nígbà náà ni ó ń já bọ́, a sì dé ilẹ̀ kí ó tó yọ́ tán. Òjò-dídì yàtọ̀: òtútù gbọ́dọ̀ wà láti òkè dé ilẹ̀ kí ó tó lè bo ilẹ̀, ọyẹ́ wa kò sì tutù tó bẹ́ẹ̀. Ooru wa gan-an ni ó ń bí yìnyín.

N kò wí pé kí a lé ọmọ sínú ìjì o. Ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Kí àrá dákẹ́ ná, kí a sì wò bóyá wáyà iná já sílẹ̀. Ní oṣù Fébúárì ọdún 2021, òtútù àti òjò-dídì bá Texas kan náà. Iná mọ̀nàmọ́ná kú ní àìmọye ilé, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ka òkú 246. Òtútù pa púpọ̀ nínú wọn. Èéfín sì pa àwọn mìíràn, nítorí wọ́n wá ooru àti iná ní ọ̀nà tí kò tọ́ nínú ilé tí a tì pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà òjò, ní Agbowó tàbí ní Challenge, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ṣùgbọ́n bí ewu bá ti rékọjá, ẹ̀yin bàbá, ẹ fi gègé sílẹ̀. Ìwé ìṣirò yóò wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Yìnyín kì í dúró de abọ́. Ọmọ pẹ̀lú kì í dúró ní ọmọ ọdún márùn-ún. Tiwa ti ga ju èjìká mi lọ báyìí. Bí yìnyín bá tún bọ́ ní Bódìjà, mo ti pinnu pé èmi ni n óò ṣa tirẹ̀ wá fún un.