Èèpo Gbáàgúdá Di Oúnjẹ Adìyẹ

Oúnjẹ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó àwọn tó ń sin adìyẹ. Tí àgbàdo bá ti gbówó lórí, èrè wọn á pòórá. Bẹ́ẹ̀ rèé, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin gbáàgúdá tó Nàìjíríà, òkìtì èèpo sì wà nídìí ẹ̀rọ gàrí tí wọ́n ń dáná sun.

Èèpo tútù ní oró sáyánáìdì nínú. Tí wọ́n bá kàn sá a sóòrùn, ó lè tó ọjọ́ 2 sí 3 kó tó gbẹ, ó sì lè bu. Àwọn olùṣèwádìí ILRI ní Ìbàdàn wá ọ̀nà tó yá: wọ́n á rin ín bíi gàrí, wọ́n á fún omi rẹ̀ dà nù, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á sì sá a. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti gbẹ. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1.

Àmọ́ èèpo nìkan ò lè bọ́ adìyẹ, torí èròjà aṣaralóore tó ń mú ara dàgbà kò tó nínú rẹ̀. Díẹ̀ lára àgbàdo ni kí wọ́n fi rọ́pò, kí wọ́n sì po ẹ̀wà sóyà yíyan mọ́ ọn. Tí ẹyin bá ń dín kù, kí wọ́n dín èèpo náà kù.