Ọ̀rọ̀ Oríta Àdúgbò Wa

Ẹnikẹ́ni nínú yín tí òwò bá ti gbé dé ìlú Benin yóò mọ Ring Road, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Oba Ovonramwen Square. Akpakpava, Sakponba, Sapele Road àti Airport Road wà lára àwọn títì tí ó pàdé níbẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tí ó lè sáré la àárín rẹ̀ kọjá. Dandan ni kí ó yí po. Títí di oṣù April 1972, apá òsì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kejì oṣù náà ni ìjọba yí i sí apá ọ̀tún, gbogbo awakọ̀ sì kọ́ bí a ti ń yí ráńdábáòtù po lọ́tun. Awakọ̀ kan náà ni wọ́n. Ètò ọ̀nà ni ó yí ìwà wọn padà.

Ohun tí ó mú wa sọ èyí ni oríta tí ó wà ní àdúgbò tí púpọ̀ nínú wa ń gbé ní Òkè Ọya níhìn-ín. Àwọn ọmọ wa tí ó ń ti ilé-ìwé bọ̀ a máa dúró ní etí títì bí ẹni tí ó ń wá ibi tí odò ti fà. Àwọn kan ní kí a dáwó jọ, kí a fi sìmẹ́ǹtì mọ bọ́ǹpù lóru. A kò fara mọ́ ọn rárá. Bọ́ǹpù tí kò ní àṣẹ, tí kò sì ní àmì, ọlọ́kadà ni yóò kọ́kọ́ gbé ṣubú nínú òkùnkùn.

Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀nà kà á pé níbi tí títì méjì bá ti dábùú ara wọn, ojú 32 ni ọ̀nà ọkọ̀ kan ti lè pàdé ti òmíràn. Bí a bá fi ráńdábáòtù kékeré sí àárín, ojú 8 ni ó kù. Bí a bá sì dín igun títì kù, tí a gbé etí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ jáde díẹ̀, awakọ̀ kò ní lè yà pẹ̀lú eré, ibi tí ọmọdé yóò sá kọjá yóò sì kúrú. Ọkọ̀ tí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí búrékì yóò fi mú un dúró a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Kì í ṣe pé kí a gbé Ring Road wá sí àdúgbò o! Èyí tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ a máa yọ ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́nu.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Kí àwọn aṣojú wa kọ́kọ́ lọ bá Mai Unguwa, kí àwa àti àwọn tí ó gbà wá lálejò jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo sí ìjọba ìbílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Àwa gan-an ni a fi ìsọ̀ àti kẹ̀kẹ́ Márúwà dí igun náà, tí awakọ̀ kò fi rí ọmọ títí yóò fi bọ́ sójú títì. Ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, àwọn ìyá wa tí ó ń tajà níbẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí a sì ti wá àyè mìíràn fún wọn kí a tó ní kí wọ́n kúrò.