Aláìsàn Tí Ó Ṣínu Kò Dẹ́ṣẹ̀

Ọdún keje rèé tí èmi àti àtọ̀gbẹ ti ń bá ara wa gbé. Ní Rámádáánì tí ó kọjá, mo ń ṣe wàásí lẹ́yìn ìrun Alásárì. Lójijì òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, Súrà tí mo ti mọ̀ láti kékeré pòórá lórí mi. Alhájà kan tí ń ta aṣọ, tí òun náà ní àìsàn yìí, po ṣúgà sómi fún mi. Mo mu ún. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn kan ń wí: “Ṣé àlùfáà náà ni kò lè gbààwẹ̀?”

N kò bẹ̀bẹ̀. Súrátù Bàkárà, ẹsẹ 184 àti 185, yọ̀ǹda aláìsàn. Èyí tí àìsàn tirẹ̀ kò lọ, kí ó bọ́ tálákà kan dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò wá mú un le ju bí Ọlọ́run ti ṣe é lọ?

Ẹ̀yin ọlọ́jà, oògùn mìíràn nínú oògùn wa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí inú bá ṣófo, a fà á kọjá ààlà. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé kò tó 70 mg/dl, kí a ṣínu lójú ẹsẹ̀, ìbáà ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Gígún ìka wò kò ba àwẹ̀ jẹ́. Bí ènìyàn bá sì ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má sọ pé ayé ló ṣe é.

Ní tèmi, ṣúgà wà nínú àpò agbádá mi báyìí. Mo ń gbé e lọ sórí mínbárì.