Ọ̀nà Títì Kì Í Ṣe Àtúnṣe Ọjà

“Àgbẹ̀ kò nílò olùrà mẹ́wàá, ẹyọ kan tó lágbára ti tó o.” Ẹnu ọ̀mọ̀wé kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde níbí ní Dassa-Zoumè, Ìdáàṣà wa, níwájú àwọn tó ń gbin kajú, ojú kò sì tì í. Inú bí mi títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfepo bọyọ̀: àtúnṣe tó bá dín iye ẹni tó lè ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kù, ìrẹ́jẹ ni.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Benin ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì pa lọ sókè òkun. Kó tó dìgbà náà, àwọn ará Íńdíà àti Vietnam ló ń ra èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́lé, pàápàá àwọn tó wà ní àgbègbè ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé, lè rí kajú pa ni. Mi ò bá ilé iṣẹ́ jà. Kí ọmọ wa ríṣẹ́ ṣe, ta ni yóò kọ̀ ọ́? Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó bá lè san owó gidi kò nílò kí ìjọba bá a ti ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bá a díje. Àgbẹ̀ Kèrè, Tré àti Soclogbo ni wọ́n ń di ẹrù òfin yìí lé lórí. Ta sì ni adájọ́? Nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣàkóso Glo-Djigbé sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Arise IIP mú ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba mú 35. Ẹni tó ṣòfin ló ní ìpín nínú èrè, òun náà ni yóò tún sọ fún wa bóyá òfin náà so èso rere.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀mọ̀wé wa. Ó ní bí olùrà bá pọ̀, wọn a máa fi òṣùwọ̀n èké rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Òṣùwọ̀n èké wà lóòótọ́. Òṣùwọ̀n ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n má lé olùrà! Bí ẹyọ kan tó kù bá fi òṣùwọ̀n èké wọn kajú mi, ibo ni kí n gbé e gbà? Nígbà tí ilé iṣẹ́ fóònù Celtiis wọlé bá MTN àti Moov ní 2022, mi ò gbọ́ kí ọ̀mọ̀wé kankan sọ pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti pọ̀ jù. Ìdíje dára fún ẹni tó ń tẹ fóònù ní Kútọnu, ó wá di èèwọ̀ fún ẹni tó ń ṣa kajú lábẹ́ òkè Ìdáàṣà?

Ó tún láyà láti sọ pé àgbẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdíje. Kó lọ sí ọjà Glazoué lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Obìnrin tó gbé gàrí wá láti Paouignan yóò ti gbọ́ iye tí olùrà mẹ́ta fẹ́ san kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ìyá yẹn gbọ́n jù ú lọ, kò sì gba ìwé ẹ̀rí kankan.

Òwú ló ti kọ́kọ́ fojú wa rí nǹkan. Ní 2008, àwọn ilé iṣẹ́ òwú SONAPRA ti ìjọba bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ SODECO. Ní 2012, ìjọba Boni Yayi gba àkóso òwú padà lọ́wọ́ AIC, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ òwú. Ní 2016, Patrice Talon, tí òwú sọ di olówó, gorí àléfà, àkóso tún padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ AIC. Àtúnṣe ni wọ́n ń pè é nígbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ń pààrọ̀, àgbẹ̀ wà níbi tó wà: iye kan náà tí wọ́n dá lé e, ibi tí wọ́n bá ní kó kó o lọ náà ni. Mi ò tíì gbàgbé ẹni tó kó òwú bàbá mi lọ, tí ọdún fi yí po kó tó sanwó. Wọ́n á ní òwú ti pọ̀ sí i. Tọ́ọ̀nù kì í ṣe owó àpò àgbẹ̀.

Bí wọ́n bá wá rẹ́ni jẹ, ta ni yóò gbẹ́jọ́? Òfin ìdíje UEMOA, àjọ ọrọ̀ ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 2002 gbé agbára ìdájọ́ lórí àwọn olùrà tó bá lẹ̀dí àpò pọ̀ fún ìgbìmọ̀ wọn ní Ouagadougou. Ìwádìí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìjọba wa. Ṣé àgbẹ̀ Gbaffo tí kò gbọ́ Faransé ni yóò kọ̀wé sí Ouagadougou nítorí àpò kajú mẹ́ta?

Ghana ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí olùrà pọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti jẹ́ kí àwọn aládàáni máa ra kòkó lábúlé. COCOBOD, àjọ kòkó ìjọba wọn, ṣì ń dá iye lé e, síbẹ̀ àgbẹ̀ lè fi olùrà tí kì í tètè sanwó sílẹ̀, kó lọ bá ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tún ọjà ṣe, kó kọ́kọ́ ka iye olùrà tó ń dé abúlé kọ̀ọ̀kan. Kó kọ iye tí wọ́n ń ra kílò kan lẹ́nu oko sílẹ̀, àti ọjọ́ tí owó fi ń pẹ́ kó tó dé. Lẹ́yìn ọdún méjì, kí ẹni tí kò ní ìpín kankan nínú èrè padà wá ka gbogbo rẹ̀, kó sì kà á síta fún wa ní èdè Ìdáàṣà. Bí olùrà bá dín, bí owó bá dín, àtúnṣe náà ti kùnà, bí ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ tilẹ̀ ga tó òkè. Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹkùn Collines wa dìbò fún, ẹ dìde, ẹ béèrè fún ìṣirò yìí. Ẹ ṣí ọ̀nà fún kajú wa.